Bàbá Alága Mẹ́ta àti Lẹ́tà Tí Kò Rí Kọ

Ọjọ́ tí Bíríkìlà pààrọ̀ ìjókòó nígbà mẹ́tàdínlógún nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò tó gbà pé ọ̀rọ̀ Bàbá Alága Mẹ́ta kì í ṣe eré rárá. Ọ̀sán gangan ni. Bíríkìlà sanra, ó ga, ó wọ aṣọ funfun tí áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ògiri kan tó mọ fún ìyá kan tó ti fìgbà kan rí jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló wó lulẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, kò sì wó síbi tó dáa: orí ilé ìdáná ìyá náà ló wó lé. Ìyá náà ní kó kọ àlàyé wá. Bíríkìlà kò fẹ́ràn ìwé kíkọ, ló bá gba ọ̀dọ̀ Bàbá lọ.

Yàrá kan tí wọ́n fi aṣọ ìkélé dá sí méjì ni ṣọ́ọ̀bù náà. Lápá òsì, Onífọ́tò ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Lápá ọ̀tún, Bàbá jókòó sídìí ẹ̀rọ táípù rẹ̀, ó ń bá àwọn èèyàn kọ lẹ́tà, ìjókòó mẹ́ta sì wà níwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ àpótí onígi kan tí kò ní ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Èmi ni orúkọ rẹ̀. Ìkejì jẹ́ àga lásán tó kọjú sí àpótí náà. Ẹ̀yin ni Bàbá ń pè é. Ìkẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó ní apá, ó ní tìmùtìmù, ó tura gan-an. Wọ́n ni orúkọ ìyẹn. Òfin Bàbá kò ṣòro. Bí o bá ń sọ ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe, orí àpótí ni wàá ti sọ ọ́. Bí o bá ń sọ ohun tí ẹni tí o ń kọ̀wé sí ṣe, wàá dìde lọ sípò rẹ̀, kí o gbọ́ bó ṣe ń dún létí. Bó bá di ti àwọn ẹlòmíràn, ó di ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹnu rẹ kò gbọdọ̀ wà níbì kan kí ìdí rẹ wà níbòmíràn.

“Mo ti ń mọlé láti ogún ọdún sẹ́yìn,” ni Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ lórí àpótí, ó gbé àyà síwájú. “Mo mọṣẹ́ mi dunjú. Mo fi ọwọ́ ara mi ta okùn sídìí ògiri yẹn. Lẹ́yìn náà la wá po sìmẹ́ǹtì—”

Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. “Àwa wo?”

“Àwa náà ni, Bàbá.”

“Mélòó ni yín?”

Bíríkìlà wo àjà. “Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ pé wọ́n ni. Wọ́n po sìmẹ́ǹtì.”

“Kò burú. Dìde, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.”

Ó dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ara tù ú. Ó ní wọn ò ṣe é dáadáa, wọ́n fi yanrìn sí i jù, wọn ò mọ̀ ju kí iṣẹ́ parí kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Nígbà tó máa sọ pé “mo kìlọ̀ fún wọn títí”, ó di dandan kó padà sórí àpótí. Ó rántí pé ìyá onílé ń kán òun lójú. Ó dìde lọ sórí àga Ẹ̀yin. Ó dé ibẹ̀, ó sọ ọ́, ó gbọ́ bó ṣe ń dún, kò dùn mọ́ ọn, ló bá sá padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Báyìí ló ń lọ tó ń bọ̀. Òógùn rin aṣọ funfun gbindingbindin. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Onífọ́tò ń ya fọ́tò ọkùnrin kan tí kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló yà á, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni eyín ọkùnrin náà jáde.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!” Bíríkìlà kígbe. “Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbì kan ṣoṣo!”

“Mú èyí tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn: lọ́jọ́ tí wọ́n po sìmẹ́ǹtì yẹn, àwọn ta ló wà níbẹ̀?”

Bíríkìlà nu òógùn ojú rẹ̀. “Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò wá lọ́jọ́ náà, Bàbá. Èmi nìkan ni.”

Ó wo tìmùtìmù, ó wo àpótí. Ó wo tìmùtìmù lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni tó ń dágbére. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó sórí àpótí, àpótí náà sì ké.

Lẹ́tà tí Bàbá tẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju ìlà kan àbọ̀ lọ: “Ìyá, èmi ni mo fi yanrìn sí i jù. Mo máa tún ògiri náà mọ, mo sì máa tún ilé ìdáná yín ṣe.” Ìyá onílé náà ti múra ìjà sílẹ̀ láti àárọ̀. Ó ka lẹ́tà náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ìyókù wà níbẹ̀, kò rí ohunkóhun tó máa fi bínú. Ó ní kí Bíríkìlà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Onífọ́tò fi gbọ́ irú nǹkan báyìí lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó ti gbọ́ ìbínú, ó ti gbọ́ ìfẹ́, ó ti gbọ́ irọ́ oríṣiríṣi. Kò sí lẹ́tà tí Bàbá kò lè bá èèyàn kọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà tí òun fúnra rẹ̀ kò rí kọ, lẹ́tà sí ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó ní, tí kò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún mẹ́sàn-án. Onífọ́tò mọ̀. Bàbá mọ̀ pé ó mọ̀. Àwọn méjèèjì kì í mẹ́nu bà á. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ tí apínlẹ́tà bá ti ń bọ̀ lókèèrè, Bàbá á tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa, bí apínlẹ́tà bá sì kọjá lọ láìyà, á bọ́ fìlà náà sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dun Onífọ́tò nípa ọkùnrin tó pa á lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ibo ni àga mẹ́ta náà ti wá gan-an? Ọ̀rọ̀ awakọ̀ ni. Kí Bàbá tó ní ṣọ́ọ̀bù, akọ̀wé ló jẹ́ nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ àlàyé, Bàbá ló sì ń ka àwọn àlàyé náà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ ilé-iṣẹ́ mú ìwé tirẹ̀ wá. Ohun tó kọ nìyí: “Mo gbéra láago mẹ́jọ. Mo rọra ń wa ọkọ̀ lọ. A dé oríta. O rí i pé ọ̀nà ń yọ̀. Èèyàn tẹ bíréèkì. Wọ́n sì lọ kọ lu ògiri.”

Bàbá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ránṣẹ́ pe awakọ̀.

“Mo ka ẹni márùn-ún nínú ìwé yìí,” ni Bàbá wí. “Ọkọ̀ náà sì rèé, ìjókòó méjì péré ló ní. Níbo làwọn mẹ́ta yòókù jókòó sí?”

Awakọ̀ wo bàtà rẹ̀. “Èmi nìkan ló wà nínú ọkọ̀, sà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló wá kọ lu ògiri?”

“Wọ́n ni, sà.”

Bàbá kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ó rò ó títí. Ọ̀rọ̀ náà yé e pé awakọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Ó kàn ń sá díẹ̀díẹ̀ ni, láti ìlà kan sí èkejì, títí tó fi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ọkọ̀ náà tó kọ lu ògiri. Kò sì mọ̀ pé òun ń sá. Bàbá ní, bí èèyàn bá ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín, ó dájú pé á mọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti wọ́ ìjókòó mẹ́ta wọ ọ́fíìsì. Nígbà tó máa fẹ̀yìn tì, ilé-iṣẹ́ fẹ́ fún un ní aago ògiri. Ó ní kí wọ́n mú aago wọn, kí wọ́n jẹ́ kí òun kó àga òun lọ. Wọ́n ní kò burú, wọ́n tiẹ̀ bá a kó o dé ẹnu ọ̀nà, inú gbogbo òṣìṣẹ́ sì dùn.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn gbọ́n jù ú. Ayálégbé kan wá, ó jókòó sórí àpótí, ó ní òun ń kọ̀wé sí onílé. “A ti pinnu pé a máa kó jáde lóṣù tó ń bọ̀. Inú wa ò dùn sí ilé yín mọ́.”

“Lọ pe àwọn yòókù wá,” ni Bàbá wí.

“Àwọn yòókù wo?”

“Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ Àwa kò ní àga níbí. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ jọ wá.”

Ọkùnrin náà bínú lọ sílé, ó sì mú ìyàwó rẹ̀ dé. Bàbá ka ohun tó ti tẹ̀ sétígbọ̀ọ́ obìnrin náà. Obìnrin náà kọjú sí ọkọ rẹ̀. “Kó lọ síbo?” ló bi í. Onífọ́tò ní òun gbọ́ ìyókù rẹ̀ láti ojú títì títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀.

Èyí tó tún dùn jù ni ti ọ̀dọ́kùnrin atúnfóònùṣe tó fẹ́ kọ̀wé ìfẹ́. Ojú ń tì í, kò lè sọ pé òun ni ìfẹ́ ń pa. “Èèyàn máa ń ronú nípa rẹ,” ló wí. “Ó máa ń wu èèyàn kó rí ọ.”

Bàbá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. “Èèyàn kò sí nínú yàrá yìí. Èèyàn wà ní títì. Bọ́ síbẹ̀ lọ, kí o máa sọ ọ́ láti ibẹ̀, mo máa gbọ́.”

Ọ̀dọ́kùnrin náà rò pé eré ni. Ó rí i pé Bàbá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, ó ń dúró. Ló bá jáde, ó dúró láàárín títì, ó ń ké e wọlé. “Ó máa ń wu èèyàn kó rí ọ!” “Mi ò gbọ́ o! Sọ ọ́ sókè!” Fọkanáísà tó wà ní òdìkejì ju táyà sílẹ̀, àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Nígbà tó máa fi sá wọlé, tó bọ́ sórí àpótí, tó sì pariwo pé “Èmi ni! Èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀!”, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà. Kò nílò lẹ́tà mọ́.

Aránṣọ kan sì wà, tó fẹ́ kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ̀gbọ́n náà yá tí kò dá padà. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?” Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó ń fi ẹ bọ̀wọ̀ fún un, títí ọ̀rọ̀ fi dórí ẹ̀rọ. “Ẹ rántí pé ẹ sọ pé ọjọ́ méjì. Ó ti di oṣù mẹ́rin. Ṣé ojú ò tiẹ̀ tì ọ́ ni? Ìwọ yìí, àtikékeré lo ti ń kó nǹkan mi!”

“Ẹni méjì lò ń kọ̀wé sí,” ni Bàbá wí. “Ọ̀kan ni ò ń kúnlẹ̀ kí, èkejì lò ń fa aṣọ rẹ̀. Mo máa kọ lẹ́tà méjì.”

Ó sì kọ méjì lóòótọ́. Ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èkejì, ìwọ ni, kò sí ọ̀rọ̀ tó fi bò níbẹ̀ rárá. Ó gbé méjèèjì fún aránṣọ, ó ní kó jókòó sórí àga Ẹ̀yin kó ka èyí tó bá wù ú. Aránṣọ mú lẹ́tà ìwọ, ó kà á sókè, ó gbádùn rẹ̀, ó tún un kà, ó fọwọ́ lu itan. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó fà á ya, ó fi lẹ́tà ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́. Bàbá ní irú lẹ́tà ìwọ bẹ́ẹ̀ ló dáa jù lọ nínú gbogbo lẹ́tà, pé èèyàn kàn gbọ́dọ̀ rántí kó má fi ránṣẹ́.

Ọgbọ́n yìí wá gun Bàbá. Ó fẹ́ kí ìjọba fi orúkọ òun sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ìjókòó mẹ́ta náà. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó ya àwòrán àpótí, ó wọn gíga ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrú. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, èsì dé. “A ti rí lẹ́tà rẹ. Wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín.” Bàbá mú báírò pupa, ó fa ìlà yí ọ̀rọ̀ márààrún tó dúró fún èèyàn níbẹ̀ ká, ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé “Ẹ pàdé ara yín ná, kí ẹ tó kọ̀wé sí mi”, ó sì dá a padà. Wọn kò kọ̀wé sí i mọ́ títí ayé.

Báírò pupa yẹn ló bà á jẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin Bàbá, nílùú tó jìn. Ọdún tí ìgbéyàwó rẹ̀ dàrú, òun náà kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀. Onífọ́tò rí lẹ́tà náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. “Bàbá mi, mo ti kúrò nílé ọkọ mi. Ó ti rẹ èèyàn. A ò mọ ibi tí a máa gbà. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á kàn jókòó, wọ́n á máa wo ògiri. O ò ní mọ ẹni tí wàá pè.” Ojú ewé méjì ni, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì rí dé òpin. Bàbá kà á tán, ó mú báírò pupa. Ó fa ìlà yí gbogbo wọn ká. Ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé “Ta ló rẹ̀? Ta ló jókòó? Pinnu.” Ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀, ó tún fi ìwé funfun méjì sí i, kó lè rí nǹkan tún un kọ.

Ẹ má ṣe bá a jà, ó ti bá ara rẹ̀ jà tó. Ó rò pé òun ń tọ́ ọmọ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé, ìlà kan péré: “Mo ti rí i. Ẹ ṣeun, sà.” Bàbá gbé e wá fi han Onífọ́tò tayọ̀tayọ̀. “Wò ó! Kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀!” Oṣù méjì kọjá kó tó yé e pé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nìyẹn.

Ohun tí Bàbá kò mọ̀ ni pé ọmọbìnrin náà kò gbàgbé rẹ̀. Onífọ́tò ló yà á ní fọ́tò tó lò nígbà tó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, nọ́ńbà fóònù Onífọ́tò sì wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọmọbìnrin náà á pè. “Àǹtí, ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ṣì ń wúkọ́?” Á wá ní kí Onífọ́tò búra pé kò ní sọ. Onífọ́tò búra, ó sì pa á mọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò sí ohun tó ṣòro fún un tó bẹ́ẹ̀ rí, nítorí kì í ṣe ẹni tó ń pa nǹkan mọ́.

Nígbà tí ọkàn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dá a láàmú, dókítà ní kó dín iṣẹ́ kù, kó má ṣe máa dìde jókòó dìde jókòó. Onífọ́tò ṣí aṣọ ìkélé. “Bàbá,” ló wí, “ẹ kọ̀wé sí ọmọ yín kó tó pẹ́ jù.” Bàbá kò jiyàn. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó gbé ẹ̀rọ táípù sórí itan, ó sì lọ jókòó sórí àpótí níbi tó máa ń ní kí àwọn ẹlòmíràn jókòó sí. Ó ń ka ohun tó ń tẹ̀ sókè.

“Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo gba lẹ́tà rẹ nígbà yẹn. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn lákòókò náà—”

Ó dúró. Onífọ́tò yọjú. Bàbá gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde lọ dúró sí ojú títì nínú oòrùn.

“Bàbá, ṣé ẹ ń wá ọkọ̀ ni?” Fọkanáísà béèrè.

“Rárá o. Mo ń kọ lẹ́tà ni.”

Ó padà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. “A máa ń fẹ́ kí ọmọ wa mọ̀wé.” Ó wò yíká, ó ń wá ẹni kejì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún pípẹ́. Ó fa ìwé náà yọ. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ ọ́ pé “Ìwọ náà ò sì kọ̀wé mọ́”, ó dìde lọ sórí àga Ẹ̀yin kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó pẹ́ lórí àga yẹn. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, ó kọ ọ́ pé wọ́n ní bí àwọn bàbá ìgbà náà ṣe rí nìyẹn, ló bá lọ sórí tìmùtìmù, ó sì sùn síbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi yí káàkiri yàrá náà. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó ń mí gúlegúle, ètè rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀rù ba Onífọ́tò gidi gan-an. Ó fi fọ́tò oníbàárà sílẹ̀ nínú omi, ó ya aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bàbá, ẹ máa kú sórí àga yìí!”

“Ṣé o fẹ́ kí n tún fi ìwé burúkú ránṣẹ́ sí i ni?” Bàbá náà pariwo. “Ọmọ tí mo ti fi ìwé ṣe léṣe? Ó gbọ́dọ̀ tọ́. Lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ tọ́!”

“Ẹ má fi ìwé kankan ránṣẹ́!” Onífọ́tò fa fóònù yọ lápò, ó tẹ nọ́ńbà, ó kì í bọ Bàbá lọ́wọ́. Ó ti dalẹ̀, ó mọ̀, kò sì kábàámọ̀.

Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹta. “Àǹtí, ẹ káàsán o,” ni ohùn kan wí. “Kò sí nǹkan, àbí? Ṣé ó ti jẹun?”

Bàbá wo Onífọ́tò. Onífọ́tò wo ilẹ̀.

“Àǹtí? Ẹ̀yin kọ́ ni? Ta nìyẹn?”

“Èmi ni,” ni Bàbá wí.

Nínú fóònù náà, Onífọ́tò gbọ́ táyà kẹ̀kẹ́ aláìsàn tó ń kọjá lọ lọ́hùn-ún.

“Èmi ni,” ó tún un sọ. “Èmi bàbá rẹ. Èmi ni mo fi báírò pupa kọ ọ́. O sọ fún mi pé ó rẹ̀ ọ́. Mo rí i. Mo rí i, mo sì ń ka àṣìṣe.” Ó wà lórí ìdúró láàárín yàrá, kò sí nítòsí àga kankan. “Mo ṣe ohun tí kò dáa sí ọ, ọmọ mi. Jọ̀ọ́.”

“Mọ́kànlá,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Mọ́kànlá lẹ kà nínú rẹ̀.”

“Mẹ́rìnlá ni,” ni Bàbá wí, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Onífọ́tò ní bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, òun ì bá wọlẹ̀ lọ. Ó na ọwọ́ kó gba fóònù rẹ̀ padà. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn kan láti inú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dún bí ẹkún. Kò pẹ́ tó di ẹ̀rín, ẹ̀rín tó ń fa èèyàn lẹ́mìí, ẹ̀rín Bàbá gan-an. “Ẹ̀yin bàbá yìí! Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ ò lè yípadà!”

“Ṣé ó ṣì ń rẹ̀ ọ́?” Bàbá béèrè.

“Ó ń rẹ̀ mí, Bàbá.”

“Máa bọ̀ nílé.”

Sátidé ló dé. Oṣù márùn-ún ni Bàbá tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn, kò sì sí ọjọ́ kan tí òun àti ọmọ rẹ̀ kò ṣe àríyànjiyàn nínú yàrá yẹn. Ọmọ ní kó lo oògùn. Bàbá ní òun ti lò ó. Ọmọ ní òun ka oògùn náà, ó pé. Bí wọ́n bá ti ń jà báyìí, Onífọ́tò á jókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé, á máa rẹ́rìn-ín nìkan. Inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tó fi wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, èrò pọ̀ gan-an. Bíríkìlà ló kọ́kọ́ dìde láti sọ̀rọ̀. “Bàbá, a máa ṣàfẹ́rí—” Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́. “Mo máa ṣàfẹ́rí yín,” ló wí, ó sì bú sẹ́kún gbàà bó ṣe tóbi tó. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Aránṣọ dìde, atúnfóònùṣe àti ìyàwó rẹ̀ dìde, oníkálukú ń sọ tirẹ̀, kò sí ẹni tó gbójú gbóyà láti gbẹnu sọ fún ẹlòmíràn.

Ó kan Onífọ́tò. Ojú ewé mẹ́ta ló ti kọ sílẹ̀. Ó wo ìwé náà, ó ká a, ó tì í bọ àpò.

“Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé,” ló wí. “Yàrá náà ti dákẹ́ jù fún mi.”

Ó jókòó. Ọmọbìnrin Bàbá sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi sílẹ̀ títí gbogbo ayẹyẹ náà fi parí.